Ẹ̀rín Inú Gíláàsì

Ẹ̀rín ni wọ́n jí gbé.

Bí gbogbo ìlú ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń pe ère náà ní orúkọ gígùn tí ìjọba kọ síwájú rẹ̀. Orí obìnrin kan ni, amọ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, kò tóbi ju àgbọn lọ. Etí odò ni wọ́n ti wú u, nígbà tí àwọn tó ń di bàbá lónìí ṣì ń rákò. Ojú rẹ̀ dì díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó gbọ́ àwàdà kan tí kò fẹ́ sọ fún ẹlòmíràn. Arẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é. Bí àlejò bá wọ ìlú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú un lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í gba àlejò, obìnrin agbálẹ̀ wọ yàrá kejì tòun ti ìgbálẹ̀. Gíláàsì tó fọ́ ló kọ́kọ́ tẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí i pé àpótí Arẹ́rìn-ín ṣófo. Ó sá jáde, ó ń pariwo. Nígbà tí wọ́n máa dé ẹ̀yìnkùlé, àgádágodo ilẹ̀kùn ibẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀.

Ọlọ́pàá dé. Wọ́n tú ilé náà láti òkè dé ilẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Ni wọ́n bá mú olùṣọ́ lọ. Ta ni wọn ò bá mú? Òun ló ń sùn níbẹ̀, yàrá rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, kò sì mọ ẹnì kankan tó lẹ́nu nílùú. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé ìwòsàn, oyún inú rẹ̀ ti pé, ó ń retí ọkọ. Ìyẹn ò kan ọlọ́pàá.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá pe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wọlé.

"Ìwọ ni wọ́n ní kí n rán."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, sà?"

"Màmá kan tó ń tún ìkòkò ṣe níbẹ̀. Ó ní bí kì í bá ṣe ìwọ, òun ò fẹ́ rí ẹlòmíràn. Ṣé ẹbí ẹ ni?"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, sà."

"Ó dáa. Àárọ̀ ọ̀la ni olùṣọ́ yẹn ń lọ sílé ẹjọ́. Bí o bá rí ẹlòmíràn, mú un wá kó tó dìgbà yẹn. Bí o ò bá rí i, kò sí wàhálà, a ti ní olè tiwa."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yìí mọ ilé náà ju ilé bàbá rẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà bàbá rẹ̀ ló dojú kọ ọ́ lójú títì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí bàbá rẹ̀ ò mọ ohun tó lè fi ọmọ ṣe lẹ́yìn ilé ìwé, Màmá Àpáàdì fà á lọ́wọ́ sọdá títì. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí àpáàdì ìkòkò ayé àtijọ́ ló ń tò jọ látàárọ̀ dalẹ́. Ó jókòó ti ọmọ náà, ó da àpáàdì sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní kó kó pupa sọ́dọ̀ pupa, kó kó dúdú sọ́dọ̀ dúdú. Ọmọ náà ò ṣì í rí, Màmá sì sọ ọ́ ní Ojú-Ológbò.

"Kọ́kọ́ fi ojú gbé e," ló máa ń sọ, "kó o tó fi ọwọ́ gbé e."

Gbogbo ìmọ̀ tó gbé ọkùnrin yìí dé ipò ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, inú gbólóhùn yẹn ló ti wá.

Ọ̀gá Àgbà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó wọ kóòtù nínú ooru. Eruku ò bá a lára mu, sísín ló sì ń sín bí wọ́n ṣe ń lọ. Ẹ ò rí iṣẹ́ tí Ọlọ́run fún ẹni tí eruku ń bá jà.

Wọ́n gba yàrá kìíní kọjá. Ìkòkò wà lọ́tùn-ún, ìkòkò wà lósì. Kò sí èyí tí kò ní àtúnṣe, gbogbo àtúnṣe náà ló sì hàn gbangba. Ibi tí amọ̀ ti sọnù, wọ́n fi amọ̀ tó funfun ju ara ìkòkò lọ dí i, bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀. Òfin Màmá Àpáàdì nìyẹn. Ọmọ ilé ìwé kan kì í jáde níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó kà á sórí: àtúnṣe tó bá fara pamọ́, irọ́ ni. Arẹ́rìn-ín nìkan ni kò ní àlẹ̀mọ́ kankan lára. Odindi ló jáde nínú ilẹ̀, wọ́n sì máa ń fi yangàn.

Nínú yàrá kejì, gíláàsì iwájú àpótí ti fọ́ yángá. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àpótí ṣì wà ní títì. Inú rẹ̀, aṣọ funfun kan tẹ́ pẹrẹsẹ, àfọ́kù gíláàsì sì dà sórí rẹ̀.

"Ṣé ẹnì kan ti fọwọ́ kan ibí?"

"Rárá o. Àwọn èèyàn yín ló ní ká má fọwọ́ kan nǹkan," ni Ọ̀gá Àgbà wí. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó na ọwọ́, ó fa aṣọ náà.

"Ẹ dúró, sà!"

Ó ti bọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ òkúta tú jáde lábẹ́ aṣọ, wọ́n ń yí gbirigbiri lórí ilẹ̀. Ọ̀gá Àgbà fò wọ́n, ó sì sín.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ṣà wọ́n. Kò sí èyí tí gíláàsì họ lára. Iwájú Arẹ́rìn-ín ni ìlẹ̀kẹ̀ yìí máa ń wà. Ẹnì kan ti tẹ́ aṣọ lé e lórí kí gíláàsì tó fọ́. Bí gíláàsì ò bá sì tíì fọ́, ẹni náà fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ẹ̀yìn àpótí ni.

"Ọ̀gá, òṣùká rẹ̀ dà?"

"Òṣùká kẹ̀?"

"Òṣùká aṣọ tí wọ́n rọ iyanrìn sí nínú. Orí rẹ̀ ni Arẹ́rìn-ín máa ń jókòó, kó má baà yí."

Ọ̀gá Àgbà wo inú àpótí. "Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní òṣùká."

Olè tó fọ́ gíláàsì nítorí ère, tó kọ́kọ́ daṣọ bo ìlẹ̀kẹ̀ kó má baà farapa, tó sì gbé òṣùká lọ kí ère lè rí ibi jókòó dáadáa. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ò tíì pàdé irú olè bẹ́ẹ̀ rí.

"Kọ́kọ́rọ́ àpótí mélòó ló wà?"

"Ẹyọ kan. Ara ìṣó ni wọ́n ń gbé e kọ́ nínú yàrá olùṣọ́. Ẹ ti rí i pé òun ni."

"Ta ló mọ ibi tí ìṣó yẹn wà?"

"Gbogbo wa. Àní àlejò tó bá pẹ́ díẹ̀ níbí á mọ̀ ọ́n."

"Obìnrin agbálẹ̀ gbọ́ ohùn yín lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ní Arẹ́rìn-ín máa kúrò níbí kí Ọjọ́ Ẹtì tó parí."

Ojú Ọ̀gá Àgbà le. "Mò ń yá wọn ni! Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti olú-ìlú ló fẹ́ ẹ. Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ wọn ń bọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń wo egungun aláìsàn. Wọ́n fẹ́ fi wo inú amọ̀ rẹ̀, kí wọ́n mọ bí àwọn àgbà ṣe mọ ọ́n. Gbogbo ayé ni ì bá gbọ́ orúkọ wa."

"Ta ni inú rẹ̀ ò dùn sí i?"

"Purofẹ́sọ̀ nìkan. Ó ti ń bẹ̀bẹ̀ tipẹ́ pé ká jẹ́ kóun gbé e sọ́wọ́ wò, a ò gbà. Màmá Àpáàdì kàn ní kí n jẹ́ kóun nù ún dáadáa kó tó lọ. Olùṣọ́ ní ilé máa ṣófo."

Purofẹ́sọ̀ wà nínú yàrá ìwé. Àlejò tó ń ṣe ìwádìí ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ò bá ara wọn dọ́gba. Wọ́n ti rí i lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú báàgì ńlá, ó sì ti mọ̀ pé wọ́n rí i.

"Báàgì mi nìyí!" Ó dà á sórí tábìlì. Pátákó ìyàwòrán, pẹ́ńsùlù, ṣẹ́ẹ̀tì kan tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọṣẹ. "Ṣé Arẹ́rìn-ín nìyẹn? Mo jáde kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Olùṣọ́ ṣí géètì fún mi, mo kí i, ó kí mi."

"Wọ́n ní inú ń bí yín."

"Ó ń bí mi! Wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kan nǹkan níbí." Ó mú ìkòkò kékeré kan lórí pẹpẹ láti fi ṣàpẹẹrẹ. Ọrùn ló fi gbé e. Ọrùn tí wọ́n lẹ̀ náà dún kẹ̀ẹ̀, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ gbì. "Kí ni mo wá bà jẹ́ báyìí? Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo wọ yàrá Màmá yẹn. Ó ní ìkòkò dúdú ńlá kan tó ń tò, ikùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo ní kó jẹ́ kí n ya inú rẹ̀. Ó ní kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀, òun kì í kánjú."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wo ìkòkò náà. Ẹni tó ń fi ọrùn gbé ìkòkò kò lè ronú òṣùká. Ọ̀gá Àgbà tó fa aṣọ lójú ìlẹ̀kẹ̀ kò lè ronú àtibo ìlẹ̀kẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dúpẹ́, ó jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo díẹ̀, kò sì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀.

"Ojú-Ológbò mi!"

Màmá Àpáàdì dìde kúrò nídìí tábìlì, ó gbá a mọ́ra. Ó ti rù. Ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, eruku amọ̀ wà nínú èékánná rẹ̀ bíi ti àtijọ́.

"Ṣó o ti jẹun? Wo ọrùn ẹ. Ìyàwó ẹ ò tọ́jú ẹ ni?"

"Ó ń tọ́jú mi, Mà. Iṣẹ́ ni ò jẹ́ kó hàn."

Òórùn kan wà nínú yàrá náà, òórùn oògùn tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Ó mọ̀ ọ́n láti kékeré. Òun ni Màmá fi ń yọ́ gọ́ọ̀mù tó bá ti gan. Lórí tábìlì ni ìkòkò dúdú náà wà, ó ga dé igbá àyà ọkùnrin tó bá jókòó. Ikùn rẹ̀ rogodo, ọrùn rẹ̀ tín-ínrín. Ó pé. Kò síbi tó ṣí.

"Ta lẹ rò pé ó ṣe é, Mà?"

"Kí ni mo mọ̀? Ẹni tó ṣe é ò ní láárí. Ọmọ tí wọ́n tì mọ́lé yẹn ò lè jí abẹ́rẹ́. Mo fẹ́ kó o bá a wá nǹkan ṣe sí i. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n pè ẹ́ nìyẹn."

"Ṣé ó kúrò nídìí géètì lọ́jọ́ Àìkú?"

"Mi ò mọ̀. Inú ibí ni mo wà, mò ń bá ìkòkò dúdú yìí fà á. Láti oṣù tó kọjá, mi ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ gbójú kúrò lára rẹ̀, kó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Òwú kún inú rẹ̀, òwú tí wọ́n ti fi nu nǹkan. Pupa ni gbogbo rẹ̀, pupa amọ̀.

Ìkòkò dúdú, òwú pupa. Pupa sọ́dọ̀ pupa, dúdú sọ́dọ̀ dúdú.

"Ẹ ṣèṣe lọ́wọ́ ni, Mà?"

"Rárá o." Ó wo ìka rẹ̀, bí ẹni pé ìka náà ló sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹsẹ̀ ti agbọ̀n náà sábẹ́ tábìlì.

Àwòrán kan wà lára ògiri, ó ti wà níbẹ̀ kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó gbọ́njú. Màmá Àpáàdì ló dúró sínú kòtò létí odò, ó kéré, ó rẹwà, ó gbé Arẹ́rìn-ín dání lọ́jọ́ tí wọ́n wú u. Àtàǹpàkò rẹ̀ bo ẹnu ère náà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ti bi í pé kí ló dé tó fi bò ó lẹ́nu. Màmá ní kó má baà rẹ́rìn-ín jù nínú fọ́tò ni. Àwọn méjèèjì sì jọ rẹ́rìn-ín dalẹ̀.

"Màá padà wá, Mà."

"Lọ rọra o, ọmọ mi."

Nínú àtìmọ́lé, olùṣọ́ jókòó sílẹ̀, ó gbé abọ́ oúnjẹ kan lé orúnkún. Ó dìde nígbà tó rí i.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti bí i?"

"Mi ò tíì gbọ́. Ta ló gbé oúnjẹ wá fún ẹ?"

"Màmá Àpáàdì ni. Láti àná, òun nìkan ló wá wò mí. Ọlọ́run á bá mi san án fún un."

"Ṣé o kúrò nídìí géètì lọ́jọ́ Àìkú?"

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ abọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Wò ó, ilé ẹjọ́ ni wọ́n ń gbé ẹ lọ lọ́la. Bó o bá ń dákẹ́ torí kí wọ́n má baà lé ẹ níṣẹ́, iṣẹ́ wo ló tún kù?"

"Ọ̀gá, inú ń rún ìyàwó mi. Wọ́n tẹ̀ mí láago. Bí a ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò tán, mo sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí oòrùn wọ̀ ni mo padà."

"Ta ló mọ̀?"

Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ má jẹ́ kó dá wàhálà sí i lọ́rùn, ọ̀gá. Oore ló ṣe mí. Màmá ni mo sọ fún. Ó ní kí n máa lọ, òun á bá mi fojú sí géètì. Nígbà tí mo dé, ó ní gbogbo nǹkan wà bó ṣe yẹ kó wà, kí n má wulẹ̀ wọlé lọ yẹ nǹkan wò. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo jáde, wọ́n á lé mi. Mo sì búra fún un."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ jáde síta, ó jókòó sínú ọkọ̀, kò ṣíná sí i. Mi ò mọ̀, ni Màmá wí. Ó wo ojú rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀. Ojú kan náà tó wò nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ó ti gbọ́ òwe yẹn tó ìgbà tí kò lóǹkà, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pa á fún.

Ìdí rẹ̀ nìkan ló kù. Kí ló máa mú kí obìnrin jí ohun tó ti ń tọ́jú láti ìgbà èwe?

Ó padà sílé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó tún gba yàrá kìíní, ó rọra ń rìn. Ó wo àlẹ̀mọ́ funfun lára gbogbo ìkòkò. Ó rántí ère kan ṣoṣo tí kò ní àlẹ̀mọ́. Ó rántí àtàǹpàkò inú fọ́tò. Ó rántí ẹ̀rọ tó ń wo inú egungun. Ó dúró sáàárín yàrá, ó sì fọwọ́ di orí mú.

Ó mú Ọ̀gá Àgbà dání wọ yàrá iṣẹ́ náà. Ó nílò ẹlẹ́rìí. Bóyá ó nílò ẹnì kan tí kò ní jẹ́ kó padà sẹ́yìn.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí ìkòkò yìí."

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìkòkò ṣí lókè, ọmọ mi. Yọjú sí i."

Ọ̀gá Àgbà ló yọjú. "Ó ṣókùnkùn. Ọwọ́ gan-an ò lè wọ ibẹ̀."

"Òótọ́ ni," ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí. "Ọwọ́ àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ìdí tí àwọn ọlọ́pàá fi wò ó tí wọ́n sì kọjá nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè ti ọrùn yìí gbé orí èèyàn wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ikùn ìkòkò yìí ṣí sílẹ̀. Purofẹ́sọ̀ rí i. Ẹ ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Kí ló kán yín lójú, Mà? Ẹ ò kánjú rí láyé yín."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbá eruku orí tábìlì jọ.

"Olùṣọ́ ò sí nílé, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó. Ẹ fi aṣọ bo ìlẹ̀kẹ̀, torí ẹ ò lè jẹ́ kí gíláàsì họ ọ́. Ẹ gbé e tòun ti òṣùká, ẹ padà ti àpótí, ẹ fọ́ iwájú rẹ̀, ẹ já àgádágodo ẹ̀yìnkùlé. Ẹ wá gbé e síbí, ẹ to àpáàdì yí i ká, ẹ sì lẹ̀ ẹ́ pa."

"Kí lò ń sọ?" Ọ̀gá Àgbà ló pariwo. "Màmá ti wa?"

"Bí mo bá parọ́, ìkòkò á sọ." Ó gbé òòlù tó wà lórí tábìlì, ó nà án sókè.

"Má fọ́ ọ!"

Igbe náà jáde kí Màmá tó mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti wà lára ìkòkò, ó ń fi ara bò ó.

"Má fọ́ ọ, jọ̀ọ́. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣeé yọ́. Màá ṣí i fúnra mi."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ gbé òòlù sílẹ̀. Kò ní in lọ́kàn láti lò ó tẹ́lẹ̀.

Màmá rẹ òwú sínú oògùn. Ó ń fi nu ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, ó ń mú sùúrù, ó ń yọ àpáàdì kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́ wọn sórí aṣọ. Ó pẹ́. Nígbà tí ikùn ìkòkò ṣí, wọ́n rí i. Ó jókòó sórí òṣùká rẹ̀, ojú rẹ̀ dì díẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Lábẹ́ imú rẹ̀, ihò gbọọrọ ló wà.

"Ẹnu rẹ̀ dà?" ni Ọ̀gá Àgbà ń bi. "Ta ló yọ ẹnu rẹ̀?"

Màmá tú etí ìró rẹ̀. Ó yọ bébà kékeré kan, ó tú u sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀rín náà wà níbẹ̀, kò ju ìka kan lọ.

"Kò ní ẹnu rí," ló wí. "Bí a ṣe wú u nìyẹn. Ọkọ́ ti gbá ibẹ̀ lọ kí n tó rí i. Mo fi ọwọ́ bò ó nínú fọ́tò torí ojú ń tì mí pé a ti bà á jẹ́. Ẹlòmíràn ò tíì rí i dáadáa nígbà tí mo gbé e wọlé lọ dí i. Amọ̀ funfun ló yẹ kí n fi dí i, kó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí a ṣe máa ń ṣe. Ìyá mi kú lọ́sẹ̀ yẹn, ọmọ mi. Mo jókòó, mò ń fi ọwọ́ mọ ọ́n, nígbà tí mo wò ó, ẹnu ìyá mi ló wà lójú rẹ̀. Mi ò lè nù ún kúrò. Mo kùn ún ní pupa. Mo ní tí ilẹ̀ bá mọ́, màá sọ fún ọ̀gá ìgbà yẹn. Ilẹ̀ mọ́, ó ti kó àwọn oníròyìn wá. Wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń ní ẹ wo ẹ̀rín rẹ̀."

"Láti ọjọ́ yẹn?"

"Láti ọjọ́ yẹn. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ẹnu mi ń wúwo sí i. Ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi wò ó á rí i lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á ní gbogbo ohun tí mo fọwọ́ mi tún ṣe, irọ́ ni. Mo rò ó pé tí ariwo bá lọ sílẹ̀, màá lọ gbé e sí etí odò. Wọ́n á rí i láìlẹ́nu. Wọ́n á ní olè ló fọ́ ọ."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ò pa òwe náà síta. Nǹkan mìíràn ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Olè wo, Mà? Ẹ gbé oúnjẹ lọ fún olè náà lánàá."

Màmá dorí kodò.

"Ẹ ní kó búra pé òun ò ní sọ̀rọ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ wá ń gbé oúnjẹ lọ fún un."

"Mo rò pé wọ́n á tú u sílẹ̀. Ìdí tí mo fi pè ẹ́..."

"Ẹ ò pè mí nítorí rẹ̀."

Màmá gbójú sókè. "Mo rò pé ìwọ ò ní lè wò mí bí olè."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wò."

Ọ̀gá Àgbà fà sẹ́yìn lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ọ̀sẹ̀ tí a sin ìyá mi," ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "ẹ gbé mi dúró síwájú àpótí yẹn. Ẹ ní obìnrin yìí ti wà nínú ilẹ̀ láti ayébáyé, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní àwọn tó bá wọlẹ̀ kì í sunkún, kí èmi náà má sunkún mọ́. Mo gbà yín gbọ́. Gbogbo ìgbà tí ayé bá le, mo máa ń wá síbí wá wo ẹ̀rín yẹn. Lóṣù tó kọjá gan-an, mo wá. Ẹ̀rín ìyá ta ni mò ń wò?"

"Ti ìyá mi," ni Màmá wí. Omijé ti bò ó lójú. "Mo fẹ́ kó tù ẹ́ nínú."

"Ó tù mí nínú. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

Ó gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ọwọ́ gbígbẹ tó kún fún amọ̀, ó ń dúró de ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wo ọwọ́ náà títí. Àpáàdì ló tó ko iná lójú, ni wọ́n máa ń fi kí Màmá níbi iṣẹ́. Ó yọ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ jáde, ó dè é, kò jẹ́ kó fún un lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tú olùṣọ́ sílẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ló fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ti tẹ̀ wọ́n láago: obìnrin ni ọmọ náà, tìyátọmọ ló wà láàyè, ìyá sì ti béèrè ọkọ títí ó fi sùn lọ. Olùṣọ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ó ń bẹ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ pé kó sáré sí i. Abọ́ oúnjẹ Màmá Àpáàdì wà lórí itan rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó fẹ́ dá a padà.

"Ọ̀gá, ẹ ò tíì sọ fún mi. Ta ló ṣe é?"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ sọ fún un.

Ẹ̀rín kúrò lójú olùṣọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó wo abọ́ náà, ó yí i lọ́wọ́, ó tún yí i padà. Wọ́n ti wọ géètì ilé ìwòsàn kó tó la ẹnu.

"Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè, mo ti ní kí wọ́n fi orúkọ Màmá sọ ọmọ náà."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rọra gbé abọ́ náà sórí àga ọkọ̀, ó sì wọlé lọ wo ọmọ rẹ̀.